Bíréèkì Ayùn Àlájì Àjàlá

"Dádì, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà, ká wò ó."

Àlájì Àjàlá gbẹ́sẹ̀ kúrò. Ayùn tó ń yí bìrìbìrì dúró lójú ẹsẹ̀. Ó dún gbì, tábìlì mì, òkúpòròkò kan sì já bọ́ sílẹ̀. Shukurat pàtẹ́wọ́. Bàbá rẹ̀ wo ayùn, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Ó ń kùn," ni Àlájì wí, "ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ràn. Ó sàn jù ọ́ lọ."

Tí mo bá rántí Park Hill ní Staten Island nílẹ̀ òyìnbó lónìí, ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ Àlájì yẹn ni ọkàn mi kọ́kọ́ ń lọ. Àárò rẹ̀ máa ń sọ mí, àti òórùn ẹja gbígbẹ tí kì í kúrò lára ẹ̀wù òtútù ẹni. Ilé kan náà ni èmi Ìyábọ̀dé àti Shukurat ń gbé, kíláàsì kan náà la sì wà. Àwọn ìyá wa jọ máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ wọ ọkọ̀ ojú omi láàárọ̀, wọ́n ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó ní Manhattan. Tí a bá ti ilé ìwé dé, ọ̀dọ̀ Àlájì la ń lọ jókòó títí wọn yóò fi dé.

Abẹ́òkúta ni Àlájì ti wá, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń la pákó tà. Ó máa ń sọ fún wa pé nínú gbogbo àwọn tó kọ́ òun níṣẹ́ ayùn, kò sí ẹni tí ìka rẹ̀ pé. "Èmi nìkan ni mo pé jáde," ni yóò wí, yóò sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Shukurat kì í rín in. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bà á lẹ́rù.

Ẹ̀rù rẹ̀ kò sì ṣàìnídìí. Ayùn oníná tí Àlájì fi ń gé òkúpòròkò àti ẹran dídì ti gbó. Tí ó bá tan án, ayùn a ta kìjí, ẹja a sì fò lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ó bá pa á, ayùn kò ní dúró bọ̀rọ̀, yóò ṣì máa yí, yóò máa pariwo. Ní ṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ funfun, ìyẹn lè má burú púpọ̀. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù Yorùbá lèyí. Àgbà kò lè wọlé kí Àlájì má fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí i. Òun fúnra rẹ̀ ti lé lọ́gọ́ta ọdún, síbẹ̀ tí ẹni tó jù ú lọ bá dé, yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún yóò kan ilẹ̀, tòsì yóò di tábìlì mú nítorí orúnkún tó ń dùn ún. Orí tábìlì yẹn kan náà sì ni ayùn wà.

"Àwọn tó ṣe ayùn yìí ò mọ̀ pé èèyàn máa ń kí èèyàn nídìí iṣẹ́," ni Shukurat sọ fún mi.

Ohun tó mú un ronú ohun tó ṣe nìyẹn. Ó dẹ bẹ́líìtì tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ayùn, ó wá fi pẹ́dà kan sí ilẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Bí Àlájì bá ṣe ń tẹ pẹ́dà ni bẹ́líìtì ń le díẹ̀díẹ̀, ayùn a sì bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́ láìta kìjí. Bí ó bá gbẹ́sẹ̀, bẹ́líìtì a dẹ̀, igi kan tí a fi rọ́bà bò a sì gbá ayùn mú. Bíréèkì nìyẹn. Òun ló ń dún gbì.

Iṣẹ́ yìí náà ni òun àti Christopher, ọmọ kíláàsì wa, fẹ́ gbé lọ sí ìdíje iṣẹ́ ọwọ́ ilé ìwé wa. Iṣẹ́ tó bá gbapò kìíní ni yóò ṣojú wa ní Manhattan, Shukurat sì fẹ́ ipò yẹn ju bó ṣe fẹ́ oúnjẹ lọ. Ilé ìwé kò gba kí a mú ojú ayùn wọlé, nítorí náà wọ́n ní kí àwọn méjèèjì ṣe fídíò rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Ọmọ Yorùbá ni Christopher, láti Mariners Harbor. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí Àlájì lọ kírun, Christopher wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó wo ayùn, ó sì mirí.

"Ó smooth gan-an tó bá ń bẹ̀rẹ̀," ó ní. "Àmọ́ tó bá fẹ́ dúró, gbogbo tábìlì ń shake. Àwọn judge máa rò pé ó ti bàjẹ́. Jẹ́ ká yọ brake yẹn, ká ṣe fídíò, ká wá dá a padà."

"Ohun tí a tìtorí rẹ̀ ṣe é gan-an lẹ fẹ́ yọ yẹn," ni mo wí.

"Fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, Ìyábọ̀dé," ni Shukurat dá mi lóhùn. Kò wo ojú mi.

Wọ́n yọ ọ́. N kò ní purọ́, fídíò náà dára. Ayùn bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó gé ẹja, Christopher gbẹ́sẹ̀ kúrò, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohunkóhun mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ayùn ṣì ń yí. Wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá, inú wọn sì ń dùn. Kí wọ́n tó dá bíréèkì padà, Àlájì ti dé pẹ̀lú àwọn oníbàárà. Shukurat ti igi náà sínú báàgì. Ó mọ̀ pé bàbá òun yóò bínú, kò sì lè sọ ọ́ lójú oníbàárà. Ó ní tó bá di ọ̀la, òun yóò tètè dé ju bàbá òun lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Àlájì tètè dé jù ú lọ. Nígbà tí èmi àti Shukurat wọlé, ó ti ń gé ẹja. Bí a ṣe wọlé ni Màmá Akíntọ́lá, ìyá àgbà ṣọ́ọ̀ṣì tí èmi àti ìyá mi ń lọ, wọlé tẹ̀ lé wa. Àlájì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà. Gbogbo nǹkan dákẹ́.

"Ẹ káàárọ̀, Mà. Ẹ kú òtútù."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì wá tábìlì lọ.

"Dádì, ọwọ́ yín," ni Shukurat ké. Ó ti pẹ́ jù, ayùn tó ṣì ń yí láìdún ti gé e níka.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n rán ìka méjì fún Àlájì. Dókítà ní ìka ìfábẹ̀lá kò ní ká mọ́. Shukurat kúnlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Dádì, èmi ni mo yọ bíréèkì lánàá."

"Kí ló dé?"

"Ó ń pariwo. A fẹ́ kó dára nínú fídíò."

Àlájì wo báńdéèjì ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò gbé ohùn sókè.

"Ayùn mi àtijọ́, tó bá ń yí, mò ń gbọ́ ọ. Tìrẹ, o ti kọ́ ọ láti dákẹ́, o ò kọ́ ọ láti dúró."

Shukurat sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ní gbogbo àsìkò tí wọ́n fi báńdéèjì di ọwọ́ náà, òun ló ń bá bàbá rẹ̀ bu omi àlùwàlá, tó sì ń bá a dé bọ́tìnnì ẹ̀wù. Ó pa fídíò náà rẹ́. Christopher kò jà. Òun gan-an ló bá a dá bíréèkì padà, ó sì lọ bẹ Àlájì.

Lọ́jọ́ ìdíje, páálí róbótó ni wọ́n fi dípò ojú ayùn. Nígbà tí wọ́n dá a dúró, ó dún gbì. Obìnrin kan nínú àwọn adájọ́ yí ojú.

"Ṣé ẹ kò lè mú ariwo yẹn kúrò ni?"

"A mú un kúrò rí, Mà," ni Shukurat wí. "Ìka bàbá mi ni ó ná wa. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín."

Ó tún tẹ pẹ́dà. Páálí ń yí. Ó wá yíjú sí obìnrin náà bí ẹni pé àgbà kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù, ó gbẹ́sẹ̀, ó sì kúnlẹ̀. Kí orúnkún rẹ̀ tó kan ilẹ̀, páálí ti dúró. Mo ń sunkún níbi tí mo jókòó sí.

Ipò kejì ni wọ́n fún wọn. Ọmọ mìíràn ló lọ sí Manhattan, Shukurat kò sì ráhùn. Ó ní ẹni tó bá ń ṣe ohun tí èèyàn yóò lò, kó má wo ojú àwọn tó ń wòran. Ọwọ́ ẹni tí yóò lò ó ni kó kọ́kọ́ wò, nítorí ìyìn lè wá lọ́jọ́ mìíràn, ṣùgbọ́n kò sí ilé ẹjọ́ tí a ti lè gba ìka padà.