Àpótí Ulan Lábẹ́ Aṣọ Ògiri

Ọmọ Meerim ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọjọ́ méjìlá. Ní Naryn, ìlú tó máa ń tutù gan-an, ọmọ tuntun kì í fojú kan ìta títí yóò fi pé ogójì ọjọ́, yàrá rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ tutù. Bí hítà bá pẹ́ lórí iná, ọmọ á làágùn. Bí wọ́n bá pa hítà, ọwọ́ ọmọ á tutù nini. Àyà Meerim kì í balẹ̀.

Ni Ulan, ọkọ rẹ̀, bá ra súìṣì kékeré kan tó ń mọ̀ bí yàrá ṣe gbóná sí. Ó fi wáyà rẹ́díò àtijọ́ so ó mọ́ hítà, ó kó o sínú ike bọ́tà, ó kàn án mọ́ ògiri.

"Á máa tan hítà, á sì máa pa á fúnra rẹ̀. Fọkàn balẹ̀, ìyá ọmọ."

Burul, ìyá Ulan, yọ ṣùtì ètè. "Ike bọ́tà lára ògiri! Kí làwọn tó ń bọ̀ wá wo ọmọ máa sọ?" Ó bá fi aṣọ ògiri onírun àgùntàn tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe bò ó. Ulan rẹ́rìn-ín, kò yọ ọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, Ulan ti lọ síbi iṣẹ́. Meerim gbóòórùn irun tó ń jó.

"Màmá, ẹ ò gbóòórùn nǹkan?"

"Orí àgùntàn ni wọ́n ń wi nílé Sagynbek aládùúgbò wa. Àlejò wọn dé. Ìwọ náà, ọmọ yìí ti sọ ẹ́ di ojo."

Meerim yọjú lójú fèrèsé. Sagynbek, tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ iná mànàmáná, ń kó yìnyín lójúde rẹ̀. Kò dáná, kò sì sí orí àgùntàn kankan níbẹ̀. Meerim fọwọ́ kan aṣọ ògiri. Ó gbóná fẹlifẹli.

Ó gbá ọmọ mọ́ra, ó dorí kọ ẹnu ọ̀nà.

"Ọmọ ò tíì pé ogójì ọjọ́! Ṣé o fẹ́ kí òtútù pa á ni?"

"Màmá, ẹ bá mi jà lọ́la! Ẹ jáde!"

Sagynbek gbọ́ igbe, ó sáré wọlé. Súìṣì ńlá ẹnu ọ̀nà ló kọ́kọ́ pa, kó tó fi igi ká aṣọ náà kúrò. Ẹ̀yìn aṣọ ti dúdú, ike bọ́tà ti yọ́.

Nígbà tí Ulan dé, ó yíjú sí Sagynbek. "Ẹ̀gbọ́n, mo dán an wò. Ó ṣiṣẹ́."

"Ó ṣiṣẹ́ kẹ̀! Ẹni tó lè ru garawa kan, o di àgbá rù ú. Iná tí hítà ń fà ju agbára súìṣì àti wáyà yẹn lọ. Irin inú súìṣì ti yọ́ lẹ̀ mọ́ra, kò lè pa hítà mọ́. Ẹ tún wá daṣọ bò ó!"

Burul bú sẹ́kún. "Èmi ni mo bò ó."

Ẹ̀yin òbí, hítà tó ní ohun tó ń ṣọ́ ooru lára láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni kẹ́ ẹ rà. Bí ẹ bá fẹ́ so ohun mìíràn tó ń ṣọ́ ooru mọ́ ọn, ẹ pe oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́, kó lo súìṣì àti wáyà tó lè gbé e. Ẹ má faṣọ bo ohun tó ń lo iná. Bí ẹ bá sì gbóòórùn ìjóná, ẹ má jókòó máa méfò ilé tó ti ń bọ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbé ọmọ jáde.