Ìdọ̀bálẹ̀ Olúwọlé

Igbe ni Ẹ̀rínọlá kọ́kọ́ gbọ́. Ó ń ti ilé ìwé tó ti ń kọ́ni ní Ìkìrun bọ̀ lọ́dún 1991, ó ń lọ wọ mọ́tò Inísà, ni àwọn kan bá hó yèè nínú gbọ̀ngàn ẹ̀bá títì. Àyà rẹ̀ já. Ó yọjú lójú fèrèsé, ó sì rí gìrìpá kan nínú aṣọ funfun tó fẹsẹ̀ la pákó sí méjì.

Gìrìpá náà rí i, ó jáde.

"Sístà, ẹ má sá. Kárátè là ń kọ́, a kì í jẹ èèyàn."

"Ta ló ń sá?"

"Ẹsẹ̀ yín ti dé títì ná."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Olúwọlé lorúkọ ọmọkùnrin náà, ará Òkukù ni. Kò pẹ́ tí Ẹ̀rínọlá fi ń kọ́ kárátè pẹ̀lú wọn lọ́dọ̀ Ọ̀gá Ìgbẹ́kẹ̀lé, àgbàlagbà tó kọ́ ọ lọ́wọ́ àwọn ará Japan l'Ékòó. Kò sì pẹ́ tí ìfẹ́ Olúwọlé fi kó sí i lórí.

Ṣùgbọ́n bàbá Ẹ̀rínọlá ńkọ́? Alàgbà ìjọ ni wọ́n ní Inísà. Bí wọ́n bá wúkọ́ lásán, gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Bí wọ́n bá kọ Olúwọlé jálẹ̀, ta ni yóò bá a bẹ̀ wọ́n?

Ohun tó ń bẹ̀rù náà ló sì ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá máa ń kọ́ wọn pé ẹni tó bá ń tẹríba fún alátakò kò gbọdọ̀ mójú kúrò lójú rẹ̀. Ó ti mọ́ Olúwọlé lára. Lọ́jọ́ tó wá kí bàbá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gbórí sókè, ó tẹjú mọ́ àgbàlagbà náà láìṣẹ́jú.

"Èmi lò ń wò báyẹn?" Bàbá fò dìde. "Ṣé ìjà lo bá wá ni? Jáde nílé mi!"

Lọ́jọ́ kejì, ní gáréèjì Ìkìrun, Olúwọlé ò mọ ibi tí yóò fojú sí.

"Ẹ̀rín mi, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ń wò wọ́n."

"Bí wọ́n bá ní mi ò gbọdọ̀ rí ẹ mọ́ ńkọ́?"

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà."

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Ọ̀gá. Wọ́n wọ agbádá lọ́jọ́ ìsinmi, wọ́n mú Olúwọlé dání, ó di Inísà. Wọ́n dàgbà ju bàbá Ẹ̀rínọlá lọ dáadáa, síbẹ̀ wọ́n dọ̀bálẹ̀, iwájú orí wọn kan ilẹ̀.

"Èmi ọ̀gá kárátè rẹ̀ ni mo kọ́ ọ láti máa wojú èèyàn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bi mi ni. Ẹ má lé e."

"Háà! Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́! Mi ò tó ẹni tí ẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀ fún!" Bàbá sáré gbé wọn dìde. Wọ́n wá kọjú sí ọmọ wọn. "Ọkùnrin tó mọ ìjà jà tó báyìí, ẹ̀rù rẹ̀ ò bà ọ́?"

Ẹ̀rínọlá bọ́ síwájú wọn. Ó kúnlẹ̀.

"Rárá, bàbá. Ẹ̀yin lẹ̀rù yín ń bà mí."

Ẹ̀rínọlá ń retí ìbínú, ó di ojú.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti kékeré, sà."

Bàbá jókòó. Wọ́n fọwọ́ nu ojú.

"Olúwọlé, ọmọ mi ti bẹ̀rù tó nínú ilé yìí. Bí kò bá ní í bẹ̀rù nílé tìrẹ, sọ fáwọn òbí rẹ kí wọ́n wá tọrọ rẹ̀."