Àkànní, Ẹni Ìdí Ọkọ̀ Òfúrufú

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Dárasími tó ṣojú rẹ̀ ṣì wà láyé, ó ṣì ń pa aró l'Ábẹ́òkúta, kì í sì í ṣe ẹni tí ń sọ ìsọkúsọ. Òun gan-an kò fẹ́ kí wọ́n máa bi í.

Òun ló ń tọ́jú ìyá àgbà Hephzibah, àbúrò bàbá bàbá rẹ̀, nílé wọn n'Íbarà. Ìyá náà ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Òun nìkan ló kù nínú àwọn tó fojú rí Jedidiah ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ìyá wọn ń fi oríkì pè ní Àkànní.

Ọkùnrin mẹ́ta ni Àkànní yìí. Nígbà ogun Hítílà, ó wà nínú ọkọ̀ òfúrufú tí ń ju bọ́ǹbù. Ìdí ọkọ̀ ni wọ́n fi í sí, òun àti ìbọn rẹ̀. Lọ́jọ́ tí iná ràn mọ́ wọn lójú ọ̀run, ó lè bẹ́ sílẹ̀ bí àwọn yòókù. Kò bẹ́. Ó ń yìnbọn lé àwọn ọ̀tá sẹ́yìn títí gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi bọ́. Ọ̀kan nínú wọn, òyìnbó kan tí ń tiro, wá sí Abẹ́òkúta lẹ́yìn ogun. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ìyá Àkànní, ó sì ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹkúntẹkún. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni Àkànní lọ́jọ́ tí iná ràn mọ́ wọn náà. Ta ni kò ní fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yangàn?

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí òkú rẹ̀. Nítorí náà, bí ṣọ́ọ̀ṣì bá ń ka orúkọ àwọn olóògbé lọ́dọọdún, ìyá àgbà kì í jẹ́ kí wọ́n ka tirẹ̀. Nígbà tó yá, àìsàn dá a dùbúlẹ̀.

"Dárasími, bí mo bá kú, ta ni yóò máa rántí ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ẹ jẹ́ kí n fún àlùfáà lórúkọ wọn, mà. Ọ̀la ni ìsìn ìrántí."

"Lọ sẹ́yìnkùlé ná. Pè é. Bí kò bá dáhùn, kí wọ́n kà á."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Dárasími. Ó wo ojú ìyá àgbà, ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu.

Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣì ń mú. Àdìrẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró wà lórí okùn, omi ń kán lára rẹ̀. Ẹ̀rọ ìlọta ń pariwo lójúlé kejì. Ojú ń ti Dárasími, ṣùgbọ́n ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ilé ni. Ó kúnlẹ̀, ó rọra pè:

"Bàbá àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, bàbá àgbà Jedidiah."

Kò sí nǹkan kan.

Ohùn ìyá àgbà gba ojú fèrèsé jáde, tínrín. "Ta ni bàbá? Kò bímọ. Kò hu ewú. Ta ló pè é ní bàbá rí? Pè é bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pè é."

"Èmi, mà? Kí n pe oríkì mọ́ wọn lórí?"

"Pè é."

Dárasími gbé ohùn sókè.

"Àkànní o!"

Ẹ̀rọ ìlọta dákẹ́. Omi tí ń kán dákẹ́. Adìẹ kan tó ń tan ilẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kan sókè, kò sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́. Òtútù fẹ́ sí Dárasími lọ́rùn nínú oòrùn yẹn, òórùn epo tó ń jó sì gbà á nímú. Lẹ́yìn aṣọ tó wà níwájú rẹ̀ gan-an, ọ̀dọ́kùnrin kan dáhùn tayọ̀tayọ̀, bí ọmọ tí wọ́n pè wá jẹun:

"Mò ń bọ̀ o, ìyá!"

Dárasími dìde. Ó ká aṣọ náà sókè. Ògiri ló rí.

Ó sáré wọlé.

"Ó dáhùn?"

Dárasími rò ó wò. Bí ó bá ní ó dáhùn, wọn ò ní ka orúkọ rẹ̀, ìyá àgbà yóò sì lọ, akọni náà yóò di ẹni ìgbàgbé. Ó purọ́.

"Rárá, mà. Wọn ò dáhùn."

Ìyá àgbà bú sẹ́kún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ òkú. "Ó máa ń dá mi lóhùn. Láti ìgbà tí ìyá wa ti kú ni mo ti ń pè é, ẹni tó bá pè é nìkan ló sì ń gbọ́ ọ. Mo rò pé yóò dá ẹni tí kò mọ̀ rí lóhùn. Ó tán. Bí mo bá lọ, òun náà lọ nìyẹn."

Dárasími kò lè gbà á mọ́ra. "Mo purọ́, mà. Ó dáhùn. Ó ní òun ń bọ̀."

Ẹkún dá.

"Ó ní kí ni?"

"Ó ní òun ń bọ̀."

Ìyá àgbà wò ó títí. "Èmi, 'oo' nìkan ló máa ń wí fún mi."

 Wọn ò ka Àkànní mọ́ àwọn òkú lọ́jọ́ kejì, wọn ò sì tíì kà á dòní. Ìgbà ọyẹ́ ni ìyá àgbà sùn nínú Olúwa, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Dárasími ṣì ń pè é. Ẹ̀rù ń bà á, kò sì fi bò. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró nínú iná kí ọmọ ọlọ́mọ lè yè, ó ní òun kò lè fi í sílẹ̀ láìpè. Kì í dáhùn lẹ́yìn aṣọ mọ́. Lóṣù tó kọjá, ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ló ti dáhùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni.

Dárasími ti gbá yàrá ìyá àgbà. Ó ti tẹ́ ibùsùn dè é.