Ẹni Tó Kọ́kọ́ Gbọ́ Nípa Oyún Zione

Ohun tó kọ́kọ́ kọ mí lóminú ni pé kò sí bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni. Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi mi ti jẹun tán, wọ́n ti sùn lórí ẹní, mo sì ń fọ abọ́ wọn lẹ́nu ẹ̀rọ omi tó wà láàárín ọgbà. Mo gbọ́ ẹ̀rín Limbani láti inú yàrá tó fara ti tèmi. Kò sí bí mo ṣe lè ṣi ẹ̀rín yẹn mọ̀. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ọ̀fun, á dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni pé ó ti tán, á sì tún bẹ̀rẹ̀. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé, "Ọkọ Zione ti dé nìyẹn." Mo wá wo ẹnu ọ̀nà wọn bóyá mo máa rí bàtà bóòtù ńlá tó máa ń bọ́ síbẹ̀ kó tó wọlé. Sálúbàtà Zione nìkan ló wà níbẹ̀.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ bàtà yẹn sọ́kàn, a máa padà sí i. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí a jẹ́ fún yín.

Ará Malawi ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, láti abúlé kan lẹ́bàá Dedza. Tíṣà ni mí nílé, orúkọ yẹn náà ni wọ́n sì ń pè mí ní Johannesburg níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ wẹ́wẹ́ tí àwọn ìyá wọn lọ síbi iṣẹ́ nìkan ni mò ń tọ́jú báyìí. Páànù lásán ló pààlà yàrá mi àti ti Zione. Limbani ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi ìwakùsà tó jìnnà, ìparí oṣù ló máa ń wálé. Oyún méjì ti bàjẹ́ lára Zione. Ìyá Limbani a máa fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù láti ilé pé, "Limbani, ṣé ìyàwó lo mú lọ sí South Africa ni, àbí àpótí ìjókòó?" Zione a gbọ́ ọ, a sì rẹ́rìn-ín, a wá lọ fọ aṣọ tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tó tún lóyún, ojú ni mo fi mọ̀. Ó ṣàdédé kórìíra òórùn usipa, ẹja kéékèèké gbígbẹ tá a máa ń fi jẹ nsima, òkèlè àgbàdo wa. Mo pè é jókòó.

"Sọ ọ́ fún mi," mo ní. "Sọ ọ́ sí mi létí, kí n lè bá ọ sọ ọ́ fún Limbani bó ṣe yẹ."

Ó fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́. Limbani ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí bí ojú rẹ̀ ṣe máa rí."

"Níbo lo ti rí irú ìyẹn?"

"Lórí fóònù. Àwọn obìnrin máa ń di nǹkan kékeré sínú páálí fún ọkọ wọn. Ọkọ á ṣí i, á sì bú sẹ́kún."

"Fóònù ló wá di ìyá àgbà rẹ, ìwọ ọmọ yìí?"

"Ìyá àgbà mi wà ní Dedza, Tíṣà. Fóònù wà lọ́wọ́ mi."

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n ṣàlàyé ìdí tí mo fi ní kó sọ ọ́ sí mi létí. Ní abúlé tiwa, ìyàwó kì í fi ẹnu ara rẹ̀ sọ oyún àkọ́bí fún ọkọ. Ìyá àgbà ni yóò sọ ọ́ fún, ìyá àgbà ni yóò sì lọ jókòó ti ọkọ láti sọ fún un. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo bi ìyá àgbà mi pé kí ló dé. Ó ní oyún tuntun kò tíì ní ẹni tó ni ín. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún, ẹni náà ló ni ín. Ó ní etí arúgbó la fi ń gbà á, torí arúgbó kò ní gbé e lọ síbì kankan.

Zione ra ìbọ̀sẹ̀ ọmọ kan tí wọ́n fi òwú hun, aláwọ̀ yẹ́lò, tí kò ju àtàńpàkò méjì lọ. Ó gbé e sínú agolo bisikíìtì. Láti ìgbà yẹn, lọ́sàn-án, tí àwọn ọmọ bá ti sùn, mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́yìn páànù tó ń kọ́ bó ṣe máa sọ ọ́.

"Limbani, ṣí agolo yìí." Á dákẹ́. "Limbani, o ti di bàbá." Á tún un sọ, lóhùn mìíràn. Nígbà mìíràn ẹ̀rín á mú un láàárín ọ̀rọ̀.

Ọmọ kan wà lọ́dọ̀ mi tó ń jẹ́ Palesa, tí kò ju ọdún mẹ́ta lọ, tí oorun ọ̀sán kì í gbé. Ó dùbúlẹ̀ ti páànù náà, ó la ojú sílẹ̀.

"Tíṣà, ta ni Màmá Zione ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ó ń dá sọ̀rọ̀ ni. Sùn."

"Rárá," Palesa ní. "Ẹni yẹn ń mí."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo gbọ́ ẹ̀rín Limbani, tí n kò sì rí bàtà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Zione wá bá mi lẹ́nu ẹ̀rọ omi, ojú rẹ̀ ń tàn. "Tíṣà, mo ti sọ fún un! Èmi ni mo ń múra láti yà á lẹ́nu, òun ló wá yà mí lẹ́nu. Mo gbójú sókè báyìí, mo rí i tó dúró nínú yàrá."

Géètì wa kò ṣeé ṣí láìgbé e sókè, tí wọ́n bá sì gbé e, gbogbo ọgbà ló ń gbọ́ igbe rẹ̀. N kò gbọ́ igbe kankan lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo ní kó máa sọ ọ́ lọ.

Ó ní ọkọ òun kò fẹ́ oúnjẹ. Ó ní ó jókòó, ó kẹ̀yìn sí fèrèsé, ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó sì ń rùn bí ilẹ̀ abẹ́ òkúta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí kúrò. Zione rò pé bí ibi ìwakùsà ṣe ń rùn nìyẹn. Ó gbé agolo fún un, ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sì ṣì í sọ.

"Kí ni òun wá sọ?"

"Ó ní, 'Ṣé èmi ni mo kọ́kọ́ gbọ́?' Mo ní òun ni. Ó ní, 'Tíṣà ńkọ́?' Mo ní Tíṣà kàn fura ni, pé n kò fẹnu sọ fún un. Inú rẹ̀ wá dùn, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Ṣé tèmi ni?' Mo ní, 'Tìẹ ni, ọ̀gbẹ́ni. Gbà, mo fún ọ.' Ó mú ìbọ̀sẹ̀ náà, ó ní òun fẹ́ fi han àwọn ọ̀rẹ́ òun, ó sì lọ."

Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi sínú omi. "Zione, bàtà rẹ̀ dà?"

Ó ronú díẹ̀. "Ẹsẹ̀ lásán ló fi wọlé," ó ní. "Mo rò pé ó bọ́ ọ síta."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Limbani dé. Géètì ké. Ó bọ́ bàtà bóòtù rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé àpò ọsàn kan lé èjìká. "Tíṣà, ẹ kú ilé o! Àwọn ọmọ yín kò tíì jẹ yín tán?"

Zione sáré pàdé rẹ̀. "Kí ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ sọ nípa ìbọ̀sẹ̀ náà?"

"Ìbọ̀sẹ̀ wo?"

"Má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ ọmọ wa."

Àpò ọsàn náà yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ojú tí Zione ti ń fẹ́ rí láti ọjọ́ yìí wá, ó rí i. Èmi náà rí i. Ẹnu Limbani là, omi kún ojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì gbéra lọ síbi ikùn Zione. Bóyá ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń mí ẹ̀ẹ̀kan ni. Zione wá sọ pé, "Èyí tí mo fún ọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

Ojú náà kú.

"Ta ló wá sínú yàrá mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?"

"Ìwọ ni."

"Abẹ́ ilẹ̀ ni mo wà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun." Ó yíjú sí mi. "Tíṣà, mo mọ̀ pé ẹ ò ní parọ́ fún mi. Ṣé ẹ gbọ́ ohùn ọkùnrin nínú yàrá yìí?"

"Mo gbọ́ ẹ̀rín," mo ní. "Ẹ̀rín rẹ ni, Limbani."

Ó rẹ́rìn-ín gan-an, ẹ̀rín kan náà, tó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ọ̀fun. "Ó dáa o. Ẹ̀rín mi wá bá ìyàwó mi sùn, èmi ń wa ilẹ̀ lọ́hùn-ún."

Ó ní dandan àfi kí wọ́n lọ sílé ìwòsàn, kí wọ́n wo bí oyún náà ṣe dàgbà tó. Mo bá wọn lọ. Nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ lé ikùn Zione, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó bi í bóyá ó rí ẹ̀jẹ̀, tàbí bóyá inú ń run ún. Kò rí ẹ̀jẹ̀, inú kò sì run ún. Nọ́ọ̀sì rọra nu ikùn náà gbẹ, ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kò sì jọ pé nǹkan kan ti wà níbẹ̀ rí.

Limbani kò pariwo. Ó fẹnu sún mọ́ Zione létí bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́, mo sì gbọ́ ọ. "Ọmọ tí mo fẹ́ kò sí. Ọkùnrin tí n kò fẹ́ ló wà. Àpótí ìjókòó ni ọ́ lóòótọ́."

Ó padà sí Dedza. Kò pẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi fẹ́ ìyàwó mìíràn fún un. Àwọn ará ilé Zione ní kó máa bọ̀ nílé, kò lọ. Ó ní bí òun bá kúrò, ibo ni ọmọ òun ti máa wá òun?

Ọdún kan kọjá, òmíràn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àṣà kan wà tí n kò lè fi sílẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ni: láràárọ̀ ni mo máa ń pe orúkọ àwọn ọmọ láti orí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì dáhùn pé, "Mo wà!" Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo pe ẹni tó gbẹ̀yìn, ó dáhùn. Ohùn kékeré mìíràn tún wá láti ẹ̀gbẹ́ páànù Zione.

"Mo wà!"

Kò sí ọmọ kankan níbẹ̀. Àwọn ọmọ kò bẹ̀rù. Palesa, tó ti di àgbà láàárín wọn, wò mí bíi tíṣà tó ṣe àṣìṣe. "Ẹ ò pe orúkọ rẹ̀, Tíṣà."

"Orúkọ ta ni?"

"Èyí tó wọ ìbọ̀sẹ̀ yẹ́lò."

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n páànù kì í tọ́jú ọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí àwọn ìyá bá wá mú ọmọ wọn nírọ̀lẹ́, Zione á wà láàárín wọn, ìró chitenje tí ó fẹ́ fi pọnmọ á wà léjìká rẹ̀. Àwọn obìnrin a máa fi ẹ̀gbẹ́ gún ara wọn. "Ta lèyí wá mú?" Òun á dúró títí wọ́n á fi lọ tán, á wá rọra bi mí pé, "Tíṣà, ṣé ó jẹun?"

Mo máa ń sọ pé, "Ó jẹun."

Irú ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Oòrùn kò tíì wọ̀. Mo ti gbá yanrìn inú ọgbà, ó mọ́ bíi pátákó ìkọ̀wé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Àwa méjì péré ló kù, Zione lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, èmi nínú yàrá. Géètì kò ké. Ohùn Limbani ló dún lẹ́nu ọ̀nà mi, ó sún mọ́ mi gan-an.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wá mú ọmọ mi."

Mo yọjú síta. Mo wo ilẹ̀. Ipasẹ̀ ńlá, ẹsẹ̀ lásán, ti wá láti géètì dé ẹnu ọ̀nà mi, ó sì ti ń padà. Bí mo ṣe ń wò ó, ipasẹ̀ kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò ní ọmọ ìka. Bí wọ́n ṣe hun òwú ìbọ̀sẹ̀ ló tẹ̀ sínú yanrìn.

Zione kúnlẹ̀. Ó tẹ́ chitenje rẹ̀ sílẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ipasẹ̀ kékeré náà dé etí aṣọ. Kò dúró. Ó gba ẹ̀gbẹ́ aṣọ kọjá, ó tẹ̀ lé ipasẹ̀ ńlá náà dé géètì, ó sì parí síbẹ̀.

Ó pẹ́ kí Zione tó dìde. Ó ká aṣọ rẹ̀, ó gbọn yanrìn rẹ̀ dànù.

"Tíṣà," ó ní, "ó jọ mí gan-an. Ṣùgbọ́n kò tilẹ̀ wò mí."