Abọ́ Mẹ́fà Aláṣọ-Ńlá

"Abọ́ oúnjẹ ẹja mélòó?" ni oníṣègùn eyín bi ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bó ti ń gbé àpò kọ́ èjìká láti jáde lọ títí di alẹ́.

"Mẹ́fà, Àǹtí. Ọ̀kan ní wákàtí méjì-méjì."

"Má pa á pọ̀ o, Kíákíá."

Kíákíá ni gbogbo ilé ń pe ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yìí, torí kò sí iṣẹ́ tí kì í fẹ́ parí kí wọ́n tó rán an tán. Ó wá kàwé ìdánwò lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni àpò ìwé wà, ó ń retí ọjọ́ tí ìdánwò bá ku ọ̀la.

Nínú yàrá iwájú ilé tí àwọn aláìsàn ti ń dúró kí wọ́n tó yọ eyín, àpótí gíláàsì ńlá kan wà tó kún fún omi iyọ̀. Ẹni tó bá ń gbọ̀n wọlé, tó bá ti rí Aláṣọ-Ńlá, ẹja aláwọ̀ búlúù onílà yẹ́lò tó ń yan kiri bí ẹni ń ròde, ẹ̀rù rẹ̀ a fò lọ. Àmọ́ ìwà ẹja náà kò tó aṣọ rẹ̀. Bí ẹnu rẹ̀ bá dilẹ̀, a máa já àwọn iyùn alààyè tó lẹ̀ mọ́ òkúta inú omi jẹ, a sì máa gé Onílẹ̀kùn jẹ, ìyẹn ẹran òkun tó ń gbé inú ìkarahun méjì, tí Àǹtí ti ń tọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án. Àwọn tó mọ̀ nípa ẹja ní wọn ò lè jọ gbé. Àǹtí kàn rẹ́rìn-ín.

"Iṣẹ́ ẹnu ni mò ń ṣe," ló wí. "Olè kọ́ lẹja yìí, jẹun-díẹ̀-jẹun-díẹ̀ ni. Ọwọ́ tó dilẹ̀ lèṣù ń bẹ̀ níṣẹ́, ẹnu tó dilẹ̀ náà ńkọ́?"

Bí Àǹtí ṣe máa ń gé ewéko òkun wẹ́wẹ́ sínú abọ́, tó ń so ó mọ́ òkúta níbi tó jìnnà sí Onílẹ̀kùn, máa ń wu Kíákíá wò gan-an. Ọdún mẹ́ta rèé, ẹja àti aládùúgbò rẹ̀ kò tíì jà.

Ọkọ̀ Àǹtí ò tíì kọjá ìkóríta tí fóònù fi dún. Ọ̀rẹ́ Kíákíá ni.

"À ń lọ lúwẹ̀ẹ́ o. Àbí ìwọ àti ẹja lẹ máa jọ jókòó?"

Ni Kíákíá bá da oúnjẹ inú abọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú omi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó fọ abọ́, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó rò pé ẹni tó jẹ oúnjẹ òòjọ́ láàárọ̀ ti yó dalẹ́ nìyẹn. Ó gbàgbé pé ikùn ẹja kì í ṣe àpò.

Aago mẹ́rin ló padà dé. Omi ti dà bí èyí tí wọ́n fi fọṣọ. Oúnjẹ tó ṣẹ́ kù ń jẹrà nísàlẹ̀, Aláṣọ-Ńlá ò sì wò ó. Etí Onílẹ̀kùn ló ń gé jẹ. Ìkarahun méjèèjì ti pa dé gbọin. Kíákíá sáré pe ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ṣebí abọ́ ti mọ́? Ta ló máa mọ̀?" ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. "Sọ pé ẹja ló ya ìpáǹle."

Kíákíá wo ẹja tí kò lẹ́nu láti fi rojọ́. Ojú tì í. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ó pe Àǹtí, ó sì jẹ́wọ́ tẹkúntẹkún.

Àǹtí dá a lóhùn: "Wàá sunkún tó bá yá. Gbé rọ́bà tí a fi ń fa omi, fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ jáde. Omi iyọ̀ tí mo pò sílẹ̀ wà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bù ú sí i, díẹ̀díẹ̀ o. Lẹ́yìn náà, so ewéko mọ́ òkúta."

Ẹni tí wọ́n ba nǹkan ọdún mẹ́sàn-án rẹ̀ jẹ́, ohùn rẹ̀ ò tiẹ̀ gbọ̀n! Kíákíá ṣe é bí wọ́n ṣe wí. Láyé rẹ̀, kò fara balẹ̀ ṣiṣẹ́ báyẹn rí.

Ọjọ́ méjì ni Onílẹ̀kùn fi tilẹ̀kùn mọ́rí. Wákàtí-wákàtí ni Kíákíá ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ìkarahun là, ètè rẹ̀ aláwọ̀ ewé yọ síta pẹ̀lú àpá kan létí.

"Àǹtí! Ó ti ṣílẹ̀kùn!"

Àǹtí wò ó títí, ó sì lọ sídìí fíríìjì. Ó gbé abọ́ mẹ́fà lé e lọ́wọ́.

"Èmi náà ni, Àǹtí? Lẹ́yìn ohun tí mo ṣe?"

"Abọ́ ti mọ́, síbẹ̀ o pè mí. Ta ni kí n tún gbé e fún?"

Ìgbà yẹn ló yé Kíákíá pé ìtọ́jú ojoojúmọ́ kò ṣeé kó ṣe lọ́jọ́ kan, ẹja ni o, ìwé ni o. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ó sì yé e pé àṣìṣe tí a bá tètè jẹ́wọ́ ṣì lè rí àtúnṣe. Ó fa àpò ìwé jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó pín iṣẹ́ inú rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́fà.

Aago méje lù. Abọ́ kan péré ló ṣí.