Ọ̀pá Ìwọ̀n Bàbá Káfíńtà

Inú omi adágún ni ọmọbìnrin náà dúró sí nígbà tí káfíńtà tó ń kan ọkọ̀ ojú omi kọ́kọ́ rí i. Omi dé e lórúnkún. Ó fi ọwọ́ kan ká yẹ̀rì sókè, ó fi èkejì gbá ìwé mọ́ àyà, ó sì ń ka àwọn òpó èbúté àtijọ́ sókè. Lékeléke bà lé wọn lórí, kò sì sí èyí tó fò. Ibi tí káfíńtà ti ń wò ó ló ti fi òòlù gbá àtàǹpàkò ara rẹ̀.

Akọ̀wé ni ọmọbìnrin náà. Ó ní ìlú fẹ́ sọ ilé iṣẹ́ àwọ̀n tó ti kógbá sílé di ibi tí wọn yóò máa kó ohun àtijọ́ sí, òun ló sì ń kọ gbogbo ohun tó kù létí omi sílẹ̀ kó tó jẹrà.

"Ẹ kọ èmi náà mọ́ ọn," ni káfíńtà wí. "Mo ti ń gbó."

"Ẹ ò tíì gbó tó. Ẹ padà wá lógún ọdún sí i."

Láti ọjọ́ náà, ó ń wá ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Káfíńtà a máa sọ fún un nípa ìgbà tí fèrè ilé iṣẹ́ àwọ̀n ń jí gbogbo etí omi, tí ọkùnrin mẹ́jọ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ bàbá òun. Kò pẹ́ tí káfíńtà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo ọjọ́ Ajé.

Bàbá rẹ̀ kì í yá ẹnikẹ́ni ní irinṣẹ́. Nítorí ọmọ rẹ̀ nìkan ló ṣe fún akọ̀wé ní ọ̀pá tí òun àti bàbá tirẹ̀ fi ń wọn gbogbo ọkọ̀ wọn. Akọ̀wé rí i pé ọ̀pá náà dọ̀tí. Ó fi ọṣẹ àti kànrìnkàn fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Kò mọ̀ pé dúdú tí òun ń fọ̀ nù ni àmì èédú, ìwọ̀n gbogbo igi egungun inú ọkọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò kọ síbòmíràn rí. Orí bàbá kò sì gbé gbogbo rẹ̀ mọ́.

Bàbá kò pariwo. Ó ní kí akọ̀wé má tẹ ilẹ̀ ilé òun mọ́, bí ọmọ òun bá sì fẹ́ ẹ, kí ó wá ẹlòmíràn pè ní bàbá. Inú bí káfíńtà pẹ̀lú. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kò yọjú sí ọmọbìnrin náà.

Lọ́jọ́ kan ó bá a létí omi, níbi tí àwọn ọkọ̀ ògbólógbòó tí bàbá àti bàbá tirẹ̀ kàn dojú dé sí, tó ń fi téèpù wọn egungun wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Oòrùn ti bó o nímú. Káfíńtà wo ìwé rẹ̀. Àṣìṣe ló kún ibẹ̀.

"Igi tó ti mumi ti wú," ó wí. "Láti ìṣó dé ìṣó ni kó o ti wọ̀n ọ́n."

"Ẹ bá mi di etí téèpù yìí mú, kí ẹ yéé bínú lóòró."

Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi wọn ọkọ̀ mẹ́sàn-án. Wọ́n fi ọ̀bẹ fín ìwọ̀n wọn sára ọ̀pá tuntun, wọ́n sì gbé e lọ bá bàbá. Ojú bàbá ti di bàìbàì, ìka ló fi tọ àwọn àmì náà. Nídìí ìkẹta, ó dúró. Ó ní èyí fi ìka méjì ju ti bàbá òun lọ.

"Ẹ má bínú, bàbá," ni akọ̀wé wí lórí ìkúnlẹ̀. "Inú ọkọ̀ mẹ́fà ni mo ti bá a bẹ́ẹ̀. Mẹ́ta tó gbó jù lọ nìkan ni kò ní in."

Bàbá tún fi ìka tọ àmì náà. Ìgbà tó yá ló rántí: òun fúnra rẹ̀ ló sún àmì náà síwájú, lọ́dún tó gbéyàwó, kí ìjókòó ọkọ̀ lè gba ènìyàn méjì. Obìnrin náà ti kú tipẹ́.

"Ìyá rẹ nìyẹn," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. Ó wá kọjú sí akọ̀wé. "Dìde, ọmọ mi. Ilẹ̀ yẹn le."

Káfíńtà kò dúró di ọ̀la. Níbẹ̀ náà ló ti bi akọ̀wé bóyá yóò bá òun jókòó sínú ọkọ̀ tí òun fẹ́ kàn.

"Ta ni yóò máa tù ú?"

"Èmi ni."

"Bó bá rẹ̀ yín ńkọ́?"

"Ìwọ á gbà á."

Akọ̀wé ní kí ó yára kàn án, òun ti ṣe tán. Bàbá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó kàn ní kí wọ́n má fi pákó ṣòfò.