Àgbàlá Ẹlẹ́hàá

“Àsàlámù àlékúmù o, ẹ̀yin ará ilé!”

Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tí mo máa kí ilé Àfáà Mọ̀múdù ní àdúgbò Gàmbàrí, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Ìkànìyàn ọdún 1973 ń parí lọ́jọ́ náà, ilé yìí nìkan ló sì kù fún wa. Láti àárọ̀ la ti ń rìn. Ẹsẹ̀ mi wú, ọ̀fun mi gbẹ, gbogbo rẹ̀ sì ti sú mi.

Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀dèjì, olùkọ́ wa, ló ń kọ orúkọ sínú ìwé. Èmi Adéọlá, ọmọ Ọ̀mù-Àrán tó wà ní fọ́ọ̀mù fáífù, ni wọ́n fi kún un nítorí àwọn ẹlẹ́hàá, ìyẹn àwọn obìnrin tí ọkùnrin àjèjì kò gbọdọ̀ rí. Èmi ni n ó kí ilé lẹ́ẹ̀mẹta. Bí wọ́n bá dáhùn, n ó wọlé lọ ka àwọn obìnrin. Bí wọn kò bá dáhùn, a ó padà.

Padà kẹ̀! Ta ló tún fẹ́ padà wá?

“Sà, ẹ jẹ́ ká wọlé lọ jókòó síbòji dè wọ́n.”

“Ṣé ó dá ọ lójú pé kò sí obìnrin níbẹ̀?”

“Ó dá mi lójú, sà. Kò sí ẹnìkankan.”

Irọ́ ni mo pa. N kò tilẹ̀ yọjú wo inú ilé.

Olùkọ́ wa wọlé, igbe sì ta. Àkókò ìrun alásárì ni, àwọn obìnrin ilé ń kírun lọ́wọ́, ẹni tó bá sì ń kírun kì í dáhùn kíkí. Wọ́n ti sọ èyí fún mi tẹ́lẹ̀. Hadiza, opó àbúrò Àfáà, já ìrun rẹ̀, ó sá wọ yàrá. Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀dèjì fi ìwé bojú, ó sáré jáde.

Ibẹ̀ ni Àfáà ti mọ́sálásí dé bá wa. Olùkọ́ wa dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ẹ dìde, Tíṣà. Ta ló ní kẹ́ ẹ wọlé?”

Olùkọ́ wa kò dárúkọ mi. Ìyẹn ló dùn mí jù. Mo kúnlẹ̀.

“Èmi ni, Àfáà. Mo ní kò sí ẹnìkankan.”

Àfáà kò pariwo. Ó kàn wò mí bí ẹni tó ti rẹ̀ kọjá ìbínú.

“Àwa mọ́kànlá là ń gbé ilé yìí, ọmọ mi. Opó tí Hadiza ń ṣe ò tíì pé oṣù méjì. Ó dáa. Ohun tó o sọ yẹn ni kẹ́ ẹ kọ síwèé. Kò sí ẹnìkankan.”

Ó ti ilẹ̀kùn.

A rìn dé Post Office, mo ń sunkún. Òótọ́ ni àwọn àgbà sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí onílé kò bá tíì ní kẹ́ ẹ wọlé, ẹ má wọ̀ ọ́, bó ti wù kó rẹ̀ yín tó. Ènìyàn mọ́kànlá ni mo pa rẹ́ kúrò nínú ìwé lọ́jọ́ náà, torí pé mo fẹ́ jókòó.